Ilé 677 Kì Í Hù Bí Olú

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yin ẹni tó bá ṣe dáadáa. Láti òpin ọdún 2023 tí FHA, àjọ ilé gbígbé ti ìjọba àpapọ̀, ti kéde pé ilé 677 ni àwọn yóò wó ní Festac, l'Ékòó, ẹnu ò yéé yà mí sí iye yẹn. Wọn ò ní ó tó 600, wọn ò ní ó máa súnmọ́ 700. 677 ni wọ́n wí. Ìyẹn ni pé òṣìṣẹ́ kan mú bírò àti ìwé, ó ń bọ́ láti ojúlé kan sí òmíràn nínú oòrùn Èkó, ó kan 675, ó kan 676, ó nu òógùn ojú, ó ní ó ku ẹyọ kan. Kò ka ilé kan lẹ́ẹ̀mejì, kò sì fo ọ̀kankan. Ní orílẹ̀-èdè tí a kò ti mọ iye ara wa gan-an, àwa tí ìkànìyàn wa tó kẹ́yìn jẹ́ ti ọdún 2006, ẹni tó mọ ilé kà báyìí, ìṣúra ni. Ohun tó kàn ń rú mi lójú ni ibi tí bírò rẹ̀ wà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ẹyọ kan ṣoṣo àkọ́kọ́.

Ilé kì í ṣe olú tó ń hù lóru. Ilẹ̀ Festac àti Amuwo, ilẹ̀ àbàtà ni. Kéèyàn tó fi bulọ́ọ̀kù kan lé orí èkejì, yanrìn ló máa kọ́kọ́ dà. Tìpà á wọlé, á dà á sílẹ̀, ilẹ̀ á gbé e mì, tìpà á tún padà wá. Tìpà ò sì mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú: bí kò bá gba Fọ́ọ̀sì Géètì Festac, á gba Sẹ́kọ́ǹdì Géètì, á máa ro yanrìn sílẹ̀ lójú títì bí ẹní ń sàmì ọ̀nà fún ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni irin máa dé, tí yóò yọ gàǹbà lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ pupa tí wọ́n so mọ́ ìdí rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá fẹ́ da dẹ́kínì, ẹ ò ní sùn mọ́ ládùúgbò yẹn: mísà á máa ké láti àárọ̀, àwọn lébìrà á tò lọ sókè bí eèrà, kọ́ńkéré lórí, orin lẹ́nu, olóúnjẹ á sì gbé kúlà sí ìsàlẹ̀ igi. Ká tilẹ̀ ní ọjọ́ kan péré ni wọ́n ń lò fún dẹ́kínì ilé kọ̀ọ̀kan, tí wọn kò sì da ti méjì pọ̀ lọ́jọ́ kan, ọjọ́ 677 nìyẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì tí mísà fi ń ké láìdákẹ́, etí FHA, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti ọdún 1973 torí ọ̀rọ̀ ilé nìkan, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n kun ilé tán, tí wọ́n ti fi kọ́tìnnì sójú fèrèsé, nígbà náà ni ojú là, tí ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń sàmì sí ilé tí wọ́n fẹ́ wó sì jáde.

Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu jù pé nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ilé onílé. Festac ò mọ orúkọ rí. Ìlú tí wọ́n kọ́ torí àjọ̀dún àṣà, tí àwọn ènìyàn dúdú tó lé ní 15,000 ti origun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé wá sí láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, ìlú tó yẹ kí òpópónà rẹ̀ máa jẹ́ orúkọ akéwì, onílù àti agbẹ́gilére, 21 Road, 23 Road, A Close, B Close ni wọ́n sọ ọ́. Ère ojú Idia, ìyá Ọba Esigie ti Benin, ni wọ́n fi ṣe àmì àjọ̀dún náà. Nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní London kò yá wọn ní ère ọ̀hún, gbogbo wa la bú òyìnbó pé kò mọ iyì ohun ìní wa. Àwa tá a mọyì rẹ̀ délé, a kò fi Idia sọ ojúlé kan. Ọ́fíìsì tó bá ti ń pe àdúgbò yín ní X Close láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ṣé ó máa nira fún un láti pe bàbá àgbà tó ń gbénú ilé ní nọ́ńbà 412?

Àwọn kan á ní òfin ni òfin, pé lára àwọn ilé yẹn lè wà lójú gọ́tà, lórí ilẹ̀ tó yẹ kí omi gbà kọjá tàbí nítòsí páìpù epo. Mi ò bá wọn jiyàn. Ẹni tó bá rántí ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2020 ní Abule-Ado, nínú Amuwo-Odofin níbí, tí ìbúgbàù nítòsí ọ̀pá epo wó ilé, tó ba ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin Bethlehem jẹ́, tó sì gba ẹ̀mí ọ̀gá àgbà ilé ìwé náà níbi tó ti ń kó àwọn ọmọ jáde, kò ní fi ọ̀rọ̀ ibi tí kò yẹ ní kíkọ́lé sí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tó ń kun ọ̀dà ló ń bá wí. Bí ibì kan bá léwu, ó ti léwu lọ́jọ́ tí tìpà àkọ́kọ́ dé. Ewu kì í dúró de páànù. Ẹni tó bá mọ̀ pé ibẹ̀ léwu, tó wá jẹ́ kí ìdílé kan kó owó ogún ọdún wọn rì síbẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ìkà ni, mi ò ní fi ẹ̀fẹ̀ bò ó.

Wọ́n tún lè ní kí ẹni tó ń rajà wò ó dáadáa kó tó sanwó, pé kí ló dé tí àwọn onílé ò gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Lọ́wọ́ ta? FHA ní ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni, ọ̀dọ̀ àwọn ni kí ẹ wá. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti là á mọ́lẹ̀ lọ́dún 2003, nínú ẹjọ́ tí ìjọba Èkó bá ti àpapọ̀ ṣe, pé ọ̀rọ̀ ètò ìlú àti àṣẹ ilé kíkọ́, ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Ìjọba ìbílẹ̀ Amuwo-Odofin náà sì jókòó sí 41 Road ní Festac, ó ń retí tirẹ̀. Bàbá mẹ́ta, ọmọ kan: tó bá di owó gbígbà, ọmọ mi ni, tó bá di gọ́tà tó dí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Bó bá sì wá jẹ́ pé owó ìtanràn ló máa nu ọ̀dà pupa kúrò lára ògiri, a jẹ́ pé ilé náà ò léwu tẹ́lẹ̀, àpò ni kò tíì kún.

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ onílé àti CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń dáwó dí kòtò, tí ẹ̀ ń dáwó ra tiransifọ́mà, tí ẹ̀ ń san owó ọlọ́dẹ géètì Close yín, ẹ yéé lọ kúnlẹ̀ bẹ FHA ní ìpàdé. Ẹ béèrè ìwé kejì. Ìwé tó ka ilé dé 677 ti wà. Èyí tó ka orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún tí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan dà? Ẹni tó mọ ilé kà á mọ ènìyàn kà. Kí ẹ sì tó béèrè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dín wákàtí méjì tí ẹ fi ń kí àwọn tó wà nídìí tábìlì àgbà kù, torí wọ́n máa ń lọ jẹun kí ìbéèrè tó dé.

Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Mile 2 ló dé dúró, Festac ló sì kàn. Kí ìjọba Èkó bá wa tètè gbé e dé. Ó lè jẹ́ ọkọ̀ ni àwọn tó ń ka ilé kò tètè rí wọ̀.