Bí Ihò Ojú Títì Bá Lè Gbá Olórin Létí

Lọ́jọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, ìròyìn méjì bọ́ sí ìgboro ní Nàìjíríà. Èkíní wá láti ọ̀dọ̀ àjọ NERC tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná: àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní wọ́n ń rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, yóò máa san náírà 225 lórí ìwọ̀n iná tí wọ́n ń san náírà 68 fún tẹ́lẹ̀. Èkejì ṣẹlẹ̀ lálẹ́: EFCC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà jẹgúdújẹrá, gbé Bobrisky, gbajúmọ̀ orí ayélujára tó jẹ́ ọkùnrin tó máa ń múra bí obìnrin, lórí ẹ̀sùn fífọ́n náírà lóde ìnáwó.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìròyìn iná ti kú. Àwọn tí kò ní iná nílé fi ìwọ̀nba tó kù nínú bátìrì fóònù wọn jiyàn bóyá ẹ̀wọ̀n ọkùnrin ni wọ́n máa fi Bobrisky sí tàbí ti obìnrin. Lọ́jọ́ 12 oṣù náà, adájọ́ ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, àríyànjiyàn tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, Bobrisky parí tirẹ̀, ó jáde. Owó iná kò jáde ní tirẹ̀. Ó ṣì lé ní 200 níbi tó wà.

Kò sí ibi tí èèyàn ti lè rí ìwà ká pa ọ̀rọ̀ gidi tì ká máa lé ti gbajúmọ̀ yìí kedere tó ìdí àtẹ ìwé ìròyìn. Ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì bíi ti ìlú mìíràn, àwọn a-kà-á-má-rà-á máa ń tò síbẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á ká ọwọ́ sẹ́yìn kí olùtajà má baà rò pé wọ́n fẹ́ ra nǹkan, wọ́n á tẹ̀ síwájú, wọ́n á na ọrùn. Tẹ́lẹ̀ rí, àkọlé ni wọ́n ń kà tí wọ́n fi ń jà. Ní báyìí, fóònù ni ọ̀kan nínú wọn máa ń gbé jáde, tí àwọn yòókù á fi orí jọ lé e lórí. Inú irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ ni tísà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà, tí wọ́n ní kó dá sí ọ̀rọ̀ olórin kan àti ìyàwó rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní, "Bàbá Tísà, ẹ̀yin náà ẹ sọ tiyín." Bàbá ní, "Kí ni n ó sọ? Owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo ń dúró dè ní tèmi, kò níyàwó tó lè bá a jà, kò sì mọ ijó TikTok jó. Ta ni yóò bá mi gbé e?"

Àpẹẹrẹ ìwà yìí tó kan gúúsù Èkìtì gan-an ni ti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n jí gbé ní Èmùré.

Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní agbègbè Ìkọ̀lé, Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn-Èkìtì àti Onímòjò ti Ìmòjò-Èkìtì. Ọba kẹta tó wà pẹ̀lú wọn, Alárá ti Ará-Èkìtì, ló móríbọ́. Ní apá gúúsù, lọ́jọ́ kan náà, wọ́n dá ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Apostolic Faith tó wà ní Èmùré dúró bó ṣe ń kó àwọn ọmọ padà sílé ní Èpòrò. Wọ́n kó àwọn ọmọ, olùkọ́ mẹ́ta àti awakọ̀ wọgbó. Mílíọ̀nù 100 náírà ni ìròyìn sọ pé wọ́n kọ́kọ́ béèrè, lọ́wọ́ àwọn òbí tó jẹ́ pé oko ni ọ̀pọ̀ wọn ń rò jẹun.

Ká fi ti Ọlọ́run ṣe, ìwé ìròyìn kò sùn. Ojú ewé kìíní ni wọ́n gbé e sí, rédíò ń sọ ọ́ tọ̀sán-tòru. Gbogbo ẹni tó wà nípò, láti Abuja dé Adó, ló bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà náà. Bó bá ṣe pé ẹnu àtẹ́ ń pa ajínigbé ni, kò ní sí ẹyọ kan láàyè nínú igbó Èkìtì títí di òní. Lórí ayélujára, àwọn èèyàn tí kò mọ Èmùré yàtọ̀ sí Ìmẹ̀sí fi àwòrán àbẹ́là sí ojú òpó wọn. Ìbínú gidi ni, kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 2 oṣù kejì, àwọn ọmọ náà ṣì wà nínú igbó nígbà tí Super Eagles kojú Àǹgólà ní Abidjan. Ademola Lookman gbá góòlù kan ṣoṣo wọlé, gbogbo ilé hó yèè. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ti ń gbọ́ ìròyìn ikú láti ọjọ́ Ajé lẹ́tọ̀ọ́ láti pariwo góòlù.

Ọjọ́ Àìkú ni ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Òru mọ́jú ọjọ́ 4 oṣù kejì ni àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọn jáde. Awakọ̀ kò bá wọn dé. Àwọn ajínigbé ti pa á. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló sì yẹ kí orílẹ̀-èdè jókòó, kó béèrè pé ta ló pa á, ibo ni wọ́n kó àwọn ọmọ náà gbà fún odidi ọjọ́ mẹ́fà tí kò sẹ́ni tó rí wọn. Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn náà ni wọ́n pín ẹ̀bùn Grammy ní Los Angeles. Davido, Burna Boy, Ayra Starr, Asake pẹ̀lú Olamide, gbogbo wọn ló wà lára àwọn tí wọ́n yàn fún ẹ̀bùn orin ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Tyla, ọmọ South Africa, ló gbé e lọ.

Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, orílẹ̀-èdè wa sì ti rí ohun tí wọ́n jí gbé. Wọ́n jí Grammy gbé! Ẹnu tó ń béèrè lọ́jọ́ Sátidé pé ta ló jí ọmọ gbé ní Èmùré ti ń béèrè pé ta ló jí Grammy wa gbé ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀mọ̀ràn jáde láti ṣàlàyé bí àwọn tó ń dìbò fún ẹ̀bùn náà ṣe ń ṣe é. Kò sí irú ọ̀mọ̀ràn bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ igbó tó wà láàárín Èmùré àti Èpòrò. Ọjọ́ 11 oṣù náà, Côte d'Ivoire fi ayò méjì sí ẹyọ kan na Nàìjíríà ní àṣekágbá ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, ìbínú tún ṣí kúrò lọ́dọ̀ Tyla, ó dé orí Alex Iwobi, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wa. Wọ́n bú u títí tó fi yọ àwọn àwòrán rẹ̀ kúrò lórí Instagram. Nínú ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn èèyàn wa ti bá ajínigbé jà, wọ́n ti bá akọrin jà, wọ́n ti bá agbábọ́ọ̀lù jà. Agbábọ́ọ̀lù nìkan ni ọwọ́ wọn tẹ̀.

Lọ́jọ́ 15 oṣù kejì kan náà, àjọ NBS tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìṣirò gbé ti oṣù kìíní jáde: ọ̀wọ́n-gógó ọjà ti di ìdá 29.90 nínú ọgọ́rùn-ún, ti oúnjẹ sì jẹ́ 35.41. Fún ọmọ Èkìtì tó ka ọjọ́ tí kò rí iyán jẹ sí ọjọ́ ààwẹ̀, ìròyìn ìdágìrì nìyí. Ṣùgbọ́n 35.41 kò ní ojú òpó tí èèyàn lè lọ fi èébú sí. Wọ́n kà á tán lórí rédíò, wọ́n fi ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tẹ̀ lé e.

Ẹni tó bá rò pé ìwà àìnírònú lásán ló fa èyí kò tíì mọ ẹni tó ń jẹ níbẹ̀. Ní ọdún 2017, Facebook ṣètò ẹ̀rọ rẹ̀ kí àmì ojú ìbínú tí èèyàn bá tẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ní ìwọ̀n ìlọ́po márùn-ún ti àmì àtàǹpàkò. Ohun tó bá bí èèyàn nínú ni ẹ̀rọ náà ń gbé síwájú ẹlòmíràn. Ọdún 2021 ni àwọn ìwé abẹ́lé ilé iṣẹ́ náà tú síta tí ayé fi mọ̀. Wọ́n ti dín ìwọ̀n náà kù kó tó dìgbà yẹn, àmọ́ ọwọ́ ti mọ́ àwọn èèyàn. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Nick Clegg, tó jẹ́ ọ̀kan nígbà náà lára àwọn ọ̀gá Meta tó ni Facebook, wá sí Abuja, ó ní láti oṣù kẹfà, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé nǹkan sórí Facebook àti Instagram yóò lè máa gbowó lórí rẹ̀. Dọ́là ni o, lásìkò tí ẹyọ kan ti kọjá 1,000 náírà. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń múnú bí èèyàn ti ríṣẹ́ nìyẹn. Akọ̀ròyìn tó sì wà ní Adó, tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń bójú tó gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní Èkìtì fún iléeṣẹ́ rẹ̀, ń ronú owó ọkọ̀ tó máa gbé e dé Èmùré. Bí owó oṣù bá pẹ́, ibi tí wọ́n bá ti pè é wá síbi àpérò, tí wọ́n á fún un ní oúnjẹ àti "owó ọkọ̀", ni yóò lọ. Kò sí àpérò ní Èpòrò.

Àìsàn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọdún 1929, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà kan sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, pé obìnrin kan tó ti gbé ayé gbẹ̀fẹ́, tó ń kú lọ, Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ló ń kọ wọ́n. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Èkó gbà á gbọ́, àwọn kan ń ṣàánú, àwọn kan ń bínú, lẹ́tà ń rọ́ wọ ọ́fíìsì Akéde. Ìgbà yẹn náà ni àwọn obìnrin ń dojú kọ ìbọn ìjọba òyìnbó ní Àbá lórí ọ̀rọ̀ owó orí. Thomas kò kúkú ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìwé rẹ̀ dùn. Àwọn tó jogún ọgbọ́n títa Sẹ̀gilọlá tí wọn kò jogún kálàmù Thomas ni ìṣòro wa.

Ó sì jẹ́ pé àwọn ará Èkìtì ti mọ ìròyìn í gbẹ́ kí ìwé ìròyìn tó dọ́dọ̀ wọn. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀gá agbẹ́gilére tó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan sí ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, nǹkan bí 1910 sí 1914. Ọjọ́ tí Kápítéènì Ambrose, aṣojú ìjọba òyìnbó, wá kí Ògògà ló gbẹ́ sára rẹ̀. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, British Museum rí i, kò sì fẹ́ kó padà sílé mọ́; wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba pààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà. Ohun tó yẹ kí olóòtú òde òní wò lára rẹ̀ ni pé òyìnbó jókòó sórí ohun tí wọ́n fi ń gbé e, àwọn tó sì ru òyìnbó wà níbẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ kò gé wọn kúrò. Bó bá jẹ́ lónìí ni, Ògògà àti òyìnbó nìkan ni yóò kù nínú àwòrán, àkọlé á sì jẹ́: "Ẹ Wo Ohun Tí Ògògà Wọ̀ Pàdé Òyìnbó, Àwọn Èèyàn Fèsì".

Nítorí náà, ìmọ̀ràn kan wà fún àwọn ohun tó ń dààmú gúúsù Èkìtì. Kí wọ́n jáwọ́ nínú ìwà pẹ̀lẹ́. Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ tó wá láti Adó, tó gba Ìkẹ́rẹ́ àti Ìjú kọjá dé Akúrẹ́, ti bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, débi pé àwọn awakọ̀ kan ń yí gba Ìgbàrà-Odò kí ọkọ̀ wọn má baà túká. Àwọn èèyàn kọ̀wé, wọ́n wọ́de, ìjọba kan dé, ó ṣèlérí, òmíràn dé, ó ṣe tirẹ̀. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé àwọn ihò náà kò bá gbajúmọ̀ kankan jà rí. Kí ọ̀kan nínú wọn dúró de olórin tó ń lọ sóde ìnáwó ní Akúrẹ́, kó gbá a létí, kó sì gbé fídíò rẹ̀ síta kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ihò kejì ní òun lóyún. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, mínísítà ètò iṣẹ́ á ti wà ní Ìkẹ́rẹ́ pẹ̀lú kámẹ́rà. Ẹ̀rọ omi tó dá iṣẹ́ sílẹ̀ náà lè ṣe ìdáná àṣekúdórógbó, bí ọmọ yunifásítì FUOYE kan, Chef Dami, ṣe gbé ìkòkò kaná fún wákàtí 120 ní oṣù kẹfà ọdún 2023, tí ayé gbàgbé ohun tó sè, tí wọ́n ń jà bóyá ó ń jowú Hilda Baci tó ti ṣe irú ìdáná bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Àárín ìjà yẹn ni ọkọ̀ ojú omi dà ní Pàtígì, ní Kwara, lọ́jọ́ 12, tó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún tó ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó. Chef Dami kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ ló ń sè.

Olóòtú tó bá sì fẹ́ dán nǹkan mìíràn wò lè fún akọ̀ròyìn rẹ̀ lówó ọkọ̀ dé Èmùré àti ti ọ̀kadà dé Èpòrò. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni kó mú dání. Ta ló ti jẹ́jọ́ nílé ẹjọ́ lórí ikú awakọ̀ yẹn, kí ni wọ́n ṣe fún àwọn ará ilé rẹ̀, ta ló sì ń sin ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ báyìí? Kó kọ ìdáhùn sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ, kó sì padà lọ béèrè lóṣù tó ń bọ̀. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá ní ìròyìn náà kò ní tà, kó kàn gbé ẹsẹ̀ dúró létí títì, kó tan kámẹ́rà fóònù rẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kó má sọ ohun tó ń sunkún sí. Àwọn èèyàn á fèsì.