Bí Òpè Ṣe Ń Ra Ògbólógbòó Rìfọ́fà

Ìwọ tí o wà ní Amẹ́ríkà, tí owó ń ta ọ́ lápò, tí ojú rẹ sì ti wọ rìfọ́fà Smith & Wesson kan tó ti pẹ́ láyé, sún mọ́ ibí. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ fi wá sílẹ̀. Òfin Nàìjíríà ti ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ èèwọ̀ fún ará ìlú. Ìwọ ará òkè òkun yìí ni mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ ìbọn tí wọ́n ti pààrọ̀ pátì rẹ̀ wò. Tẹ̀lé mi dáadáa, kò ní pẹ́ tí owó náà á fi tán.

Bí ọlọ́jà bá ti nà án sí ọ, má wò ó bóyá ọta wà nínú rẹ̀. Ojo ní ń wo ìyẹn. Àwọn àgbà ní ìbọn lápátí, kò lápátí, ta ní jẹ́ jẹ́ ká kọjú rẹ̀ kọ òun? Àwọn àgbà kò wo fíìmù kọ́bọ́ì tó ìwọ. Kọjú rẹ̀ sí ikùn ọlọ́jà, kí o máa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ṣí àgbá oníhò mẹ́fà tí ọta ń gbé, ta á kó máa yí ṣìrìrì, kí o wá fi ọrùn ọwọ́ jù ú padà wọlé, pàó! Apá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé àgbá dúró ni yóò kọ́kọ́ wọ́. Bó bá ti wọ́, ihò àgbá kò ní kọjú sí ọ̀pá ìbọn dáadáa mọ́, òjé á sì máa fọ́n jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ló kàn ọ́? Ojú ẹni tó dúró tì ọ́ ló ń lọ.

Ó kan pátì wàyí. Ọlọ́jà á ní, “Ojúlówó ni, bàbá mi àgbà ló ni ín.” Gbà á gbọ́. Àwọn Smith & Wesson tí wọ́n ṣe kí ilé-iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí fi nọ́ńbà pe oríṣiríṣi ìbọn wọn ní 1957, nọ́ńbà kan náà ló sábà máa ń wà nísàlẹ̀ èèkù, lẹ́yìn àgbá àti lábẹ́ ọ̀pá. Má yí i sókè wò. Bí ẹnì kan bá sì fi hàn ọ́ pé ti ọ̀pá yàtọ̀ sí ti èèkù, o lè pariwo olè, o sì lè ní kò ṣe nǹkan kan. Méjèèjì ni òpè ń ṣe. Ọlọ́gbọ́n ló máa ń béèrè ta ló pààrọ̀ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ a máa tún ìbọn ṣe, a sì máa tẹ ìràwọ̀ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà nísàlẹ̀ èèkù, kí ayé lè mọ̀ pé ìbọn náà ti padà wálé rí. Bí o bá rí ìràwọ̀ yìí, sọ fún gbogbo ènìyàn pé ìbọn ṣẹ́rífù Texas lo rà.

Dídán ni kí o máa tẹ̀lé. Òòlù àti apátí irú ìbọn yìí, iná ni wọ́n fi ń mú wọn le, àwọ̀ wọn sì sábà máa ń rí bí epo bẹntiróòlù lórí omi òjò. Bí o bá rí i tí wọ́n dúdú bákan náà pẹ̀lú ara ìbọn, tí etí ihò súkúrù ti jìn, tí lẹ́tà ara ọ̀pá sì ń parẹ́ lọ, ẹnì kan ti fi ẹ̀rọ họ ọ́, ó sì ti tún un pa láró. Pàtẹ́wọ́, kí o fowó lé e.

Ọmọ irin tó ń ti àgbá yí nínú lọ́hùn-ún ló máa ń tètè jẹ. Bí ìbọn bá ṣófo, ẹni tó mọ iṣẹ́ á rọra fa òòlù sẹ́yìn, á máa fetí sí i bóyá àgbá ti dè pinpin kí òòlù tó dúró. Gbogbo ihò ló ń ṣe é fún. Ìwọ yẹ ọ̀kan wò, kí o ní márùn-ún yòókù á jọ ọ́. Bí wọ́n bá ní àwọn ti fi tuntun sí i, má béèrè ẹni tó fi í sí i. Pátì inú ọ̀rá kì í sábà wọlé wẹ́rẹ́. Fáìlì ni wọ́n fi ń fá a, díẹ̀díẹ̀, ẹni tó bá sì fá a jù kò lè lẹ̀ ẹ́ padà.

Òpè tó bá fẹ́ joyè kí ó wá Webley Mark VI, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé lé àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ́wọ́ ní 1915. Ọta .455 ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ dé Amẹ́ríkà, ọta yẹn ṣòro rí, bẹ́ẹ̀ .45 ACP tí ìbọn Colt 1911 ń jẹ wà káàkiri. Àwọn oníṣòwò bá fi ẹ̀rọ fá ẹ̀yìn àgbá rẹ̀ títí ọta Amẹ́ríkà fi wọlé. Ó wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n agbára tí .45 ACP ń sà nínú ihò náà ju èyí tí wọ́n fi dán Webley wò ní Ìlú Ọba lọ. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àwọn Smith & Wesson tí Amẹ́ríkà kó fún Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Hitler: wọ́n gbẹ́ ihò wọn jìn kí .38 Special lè wọ̀ ọ́, ihò sì fẹ̀ ju ọta náà lọ nídìí. Bí ìkarahun ọta bá jáde, ìdí rẹ̀ á ti wú.

Ìwọ tí o bá ti ra Webley kan tí àlàfo ẹ̀yìn àgbá rẹ̀ gbòòrò, gbé e fún alágbẹ̀dẹ ìbọn kó wò ó. Má ṣe kì ọta .45 ACP inú ṣọ́ọ̀bù sí i.