Ẹnu Ọ̀nà Dà? Lẹ́tà sí ọmọ àbúrò mi tó ń ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì

Ọmọ àbúrò mi,

Ojú ń dùn mí láti àná. Ìwọ ni mo sì fẹ́ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Mo kọ ọ́ síta gbangba kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ lè bá ọ kà á.

O rántí Iléyá tí o kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wá kí wa ní Bẹ́yẹrúnkà? Ẹ gbé mọ́tò sílẹ̀ ní Bẹẹrẹ, ẹ fẹsẹ̀ rìn wọlé. Kí ẹ tó jókòó lo ti ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀: páànù onípẹtà lọ súà, ọ̀nà tóóró tó ń gba ojú ìdáná onílé kọjá, ilé tí nọ́mbà rẹ̀ ní lẹ́tà níwájú, tó tún ní igi tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láàárín. O ní ká ní ìwọ ni wọ́n gbé agbo ilé yìí fún, wàá tò ó kó gún. Mo rẹ́rìn-ín, mo ro àmàlà fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ délé àbí ẹ ò délé? Ìyá aláta tó wà ní kọ̀rọ̀ ló nawọ́ sí ọ̀nà fún yín, ọmọ kan sì sìn yín dé ẹnu ilẹ̀kùn.

Ó dáa. Lánàá, èmi náà wá sílé yín.

Wẹ́ẹ̀bùsáìtì ọ́fíìsì kan ni. N kò ní dárúkọ wọn, mo sì mọ̀ pé ìwọ kọ́ lo ṣe é, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà lẹ jọ ń ṣe, ẹ ó jọ jẹ ẹ̀bi rẹ̀. Mo ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ ara mi lọ bá wọn nítorí ìwé kan tí mo fẹ́ gbà. Akọ̀wé ò tiẹ̀ wojú mi tó fi ní, "Màmá, ó ti di orí íntánẹ́ẹ̀tì o, ìṣẹ́jú márùn-ún ni." Ni mo bá jókòó sí ìsọ̀ mi ní Ọjà'ba láago mẹ́wàá àárọ̀, mo gbé fóònù. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Alásàrí, mo ṣì wà nínú ìṣẹ́jú márùn-ún náà.

Fídíò kan ló kọ́kọ́ bẹ́ jáde, n kò pè é. Òyìnbó mẹ́rin ń rẹ́rìn-ín sí kọ̀ǹpútà kan, dátà mi sì ń lọ bí omi. Ọ́fíìsì yìí kò jìnnà sí wa, n kò rí òyìnbó kankan níbẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, mo wá ibi tí màá gbà wọlé, n kò rí i. Ọ̀rọ̀ ojú wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà ṣá bí ẹ̀kọ tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí lókè ni ìlà mẹ́ta tí wọ́n fà ní ìbú, ọ̀kan lórí èkejì. Mo ní bóyá ilà ojú ilé iṣẹ́ wọn ni, bóyá àbàjà ni wọ́n ń kọ. Àfi ìgbà tí ọmọ tó ń ta káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi na ìka, tó tẹ àbàjà náà, ni gbogbo ilé ṣí. Níbo ni wọ́n ti ń tẹ onílé ní ilà ojú kí ilẹ̀kùn tó ṣí?

Gbójú sókè láti ọjà wa. Gbọ̀ngàn Mápó nìyẹn lórí òkè. Wọ́n ṣí i ní 1929, nígbà tí Captain Ross ń ṣe ajẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ìfẹ́ wa ló mú wọn kọ́ ọ gàgàrà bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ ká máa wò ó, ká máa rántí ẹni tó làṣẹ. Síbẹ̀, wọn ò fi ẹnu ọ̀nà pamọ́. Ẹni tí kò mọ ìwé kà mọ ibi tí wọ́n ń gbà wọ Mápó. Amúnisìn ṣe é, ẹ̀yin ò lè ṣe é!

Mo dé ibi orúkọ. Mo kọ tèmi bí mo ṣe fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn. Ó pọ́n wàì, ó ní kò bófin mu. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ! Láti 1875 ni àwọn míṣọ́nnárì CMS ti jókòó ní Èkó, tí wọ́n fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Fóònù pàápàá mọ ẹ àti ọ dáadáa. Unicode ti fún wọn ní nọ́mbà tiwọn tipẹ́. Ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, tó ní lẹ́tà 26 ti gẹ̀ẹ́sì nìkan ni yóò wọlé. Mo bọ́ àmì náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wọlé ní ìhòòhò. Igi tó fì láàárín nọ́mbà ilé wa náà, ó ní kò bófin mu.

Pásíwọ́ọ̀dù ló wá dà bí alága ìjókòó. Mo kọ ọ̀kan, ó ní ó kúrú. Mo fi kún un, ó ní lẹ́tà ńlá dà? Mo fi lẹ́tà ńlá sí i, ó ní nọ́mbà ńkọ́? Mo fi nọ́mbà sí i, ó ní ó ku àmì. Àmì! Èyí tó ní kí n bọ́ kúrò lára orúkọ mi! Mo di ọkọ ìyàwó tó dọ̀bálẹ̀ tán, tí wọ́n ní àyà rẹ̀ kò kanlẹ̀.

Ó tún ní kí n fi hàn pé n kì í ṣe ẹ̀rọ, kí n mú gbogbo àwòrán tó ní páìpù pupa tí panápaná ń fa omi nínú rẹ̀ létí títì l'Amẹ́ríkà. Láti Bẹẹrẹ dé Ìdí-Arẹrẹ, ta ló rí irú rẹ̀ rí? Ká ní mọ́tò míkírà ló ní kí n mú ni, ǹ bá ti yege. Irú ìdánwò yìí ni Google rà ní 2009, tí wọ́n ń fi ìdáhùn àwọn èèyàn ka ìwé àtijọ́ tí ẹ̀rọ kò lè kà nígbà náà. A jẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fi wá ṣe.

Mo ní kí n ta ọjà fún oníbàárà kan, mo padà dé, ó ní àkókò mi ti tán, kí n bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ. Adégòkè Adélabú, ọmọ Ìbàdàn tó kú ní 1958, ló fi gẹ̀ẹ́sì ńlá pe rúdurùdu kan ní "peculiar mess", tí àwọn èèyàn wa gbọ́ ọ sí pẹ̀nkẹ́lẹ́mẹ̀sì. N kò mọ̀ pé ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ náà ń dúró dè.

Máa bọ̀ nílé ní Sátidé. Àmàlà wà, gbẹ̀gìrì wà. Ṣùgbọ́n kó o tó jẹun, wàá jókòó ti ìyá aláta, wàá gbé fọ́ọ̀mù tí ìwọ fúnra rẹ ṣe lé wọn lọ́wọ́, wàá sì panu mọ́. O ò gbọdọ̀ na ìka, o ò gbọdọ̀ ní, "Ìyá, ẹ tẹ ibí yìí." Kó o kàn máa wojú wọn.

Ní ti fọ́ọ̀mù tèmi, ó kù díẹ̀ kó tán ni mo bá ìràwọ̀ pupa kan pàdé: nọ́mbà fáàsì. Fáàsì, lóde òní! Kò gbà kí n fò ó. Nọ́mbà fóònù rẹ ni mo kọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá pè ọ́ lóru, tó ń han gooro létí rẹ bí ẹ̀rọ ìlọta, má pa á o. Ìwé mi ló ń bọ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ,
Bẹ́yẹrúnkà, Ìbàdàn.