Ìjàpá àti Aáyán Amẹ́ríkà

Àlọ́ o!
Àlọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, ó dá lórí àwọn ẹran ńlá tó ń gbé Àbújá.

Nígbà tí ìjọba kó kúrò l'Ékòó ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, àwọn ẹranko kó tẹ̀ lé e. Kìnnìún gba abẹ́ Òkè Àsó. Erin kọ́lé sí Maitama, Ẹkùn kọ́ tiẹ̀ sí Asokoro. Ìnàkí rí ilé gbà ní Wuse, ẹ má bi mí bó ṣe rí i. Adìẹ àti Ìjàpá tí wọn ò mọ ẹnìkankan lókè ń gbé Nyanya, wọ́n ń wọ ọkọ̀ èrò lọ sígboro láràárọ̀.

Àwọn ẹran ńlá yìí ti ra gbogbo nǹkan tán. Erin ní ajá Jámánì tó ń sùn lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, Ẹkùn ní ológbò Páṣíà. (Ẹran ń sin ẹran! Àbújá ni, ẹ jẹ́ ká máa lọ.) Kí ló wá kù tí aládùúgbò ò tíì ní? Ibẹ̀ ni Ìjàpá gbà wọlé.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó yọ́ lọ sẹ́yìn ilé oúnjẹ kan ní Wuse, ó ṣí gọ́tà, ó kó aáyán kún agolo, àwọn pupa ńláńlá tí í fò lu ni lójú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó di ọ̀dọ̀ Erin.

"Ọlọ́lá jùlọ, aáyán Amẹ́ríkà rè é."

Ohun tó mú irọ́ Ìjàpá dùn ni pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Periplaneta americana ni àwọn onímọ̀ ń pe aáyán pupa yẹn. Linnaeus, ará Sweden, ló so Amẹ́ríkà mọ́ ọn lórúkọ ní 1758. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ yìí kan náà gbà pé Áfíríkà wa níbí ló ti ṣẹ̀, pé ọkọ̀ ojú omi ló gbé e kọjá òkun, títí kan ọkọ̀ tó ń kó ẹrú. Ìjàpá sọ ti òyìnbó, ó gbé ti ilé mì.

Ó ní lókè òkun, wọ́n ń sin aáyán nínú yàrá. Òótọ́ tún ni. Aáyán Madagásíkà tí kò níyẹ̀ẹ́, tí akọ rẹ̀ ní kókó méjì bí ìwo, tó ń tú afẹ́fẹ́ gba ihò ara rẹ̀ jáde tí yóò máa dún "ṣììì", ó wà nínú àpótí díńgí ní ilé àwọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní ní Xichang, ní Ṣáínà, wọ́n ń sìn ín ní bílíọ̀nù láti fi ṣe oògùn. Ti ìlú Dafeng kò jáde lẹ́nu rẹ̀, níbi tí aáyán tó lé ní mílíọ̀nù kan ti já kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń sìn wọ́n ní 2013. Ta ní í tú àbùkù ọjà ara rẹ̀?

"Èló?"

"Ẹgbẹ̀rún kan dọ́là péré, ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Erin ò ná an. Ẹni bá ná ọjà ní Maitama, wọ́n á ní Nyanya ló ti wá. Ni Ìjàpá bá ń kọrin lọ sí Asokoro:

Erin r'aáyán o —
*Ṣììrì ṣìì*
Ẹkùn gbọ́, inú bí i —
*Ṣììrì ṣìì*
Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí ń jẹ dọ́là —
*Ṣììrì ṣìì*
Ẹ tẹ́ páálí, ọmọ ọlọ́lá fẹ́ sùn —
*Ṣììrì ṣìì*

Ẹkùn ra mẹ́wàá. Ìjàpá kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa sìn ín: kí wọ́n to páálí ẹyin ní òòró sínú ike, níbi tó ṣókùnkùn tó sì móoru, kí wọ́n fi Vaseline pa etí ike kó má baà gùn ún jáde, kí wọ́n fún un ní kárọ́ọ̀tì, ọsàn àti fóòmù tó mu omi. Àpò ẹyin kan á pa ọmọ bíi 15. "Èlé orí owó yín nìyẹn, Ọlọ́lá." Páálí ẹyin wá di góòlù ní Àbújá, Adìẹ tó ni ẹyin ò sì rí tọ́rọ́.

Ti Ìnàkí ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Bí aáyán bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ, funfun gbòò ni í máa ń rí fún wákàtí díẹ̀ kí àwọ̀ rẹ̀ tó padà. Ìjàpá ṣọ́ ọ, ó gbé e fún Ìnàkí ní ìlọ́po mẹ́ta, ó ní aáyán òyìnbó gidi ni. Kó tó di ọ̀sán, ó ti di pupa dúdú. Ìnàkí figbe ta.

"Oòrùn Àbújá ló sun ún," ni Ìjàpá wí. "Ẹ jẹ́ n bá yín ra ìpara."

Àfi ọjọ́ tí Adìẹ ṣa ọ̀kan lára ti Ẹkùn jẹ lẹ́bàá títì. Wọ́n wọ́ ọ dé iwájú Kìnnìún. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, aáyán kì í jàre níwájú adìẹ. Ní Àbújá, agbẹjọ́rò mẹ́rin ló dúró fún aáyán.

"Olúwa mi," ni Adìẹ wí, "mo mọ ìyá ẹ̀. Gọ́tà Wuse la jọ dàgbà sí."

Ilé ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín. Kìnnìún ní dúkìá láti òkèèrè ni Adìẹ bà jẹ́, kò sì gbọdọ̀ kọjá Nyanya wọ ìgboro mọ́, òun àti ìran rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Vaseline fi tán létí ike. Aáyán gba ilé ìdáná, ó gba pálọ̀, ó wọ inú agbádá Erin lọ́jọ́ ìpàdé. Nígbà tí Kìnnìún ṣí ìwé òfin láti wo ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ewé ìwé tú dànù sílẹ̀: wọ́n ti jẹ gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ tán. Ni wọ́n bá gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, Erin ni alága. Wọ́n jókòó ní òtẹ́ẹ̀lì fún oṣù kan, wọ́n gba owó ìjókòó, wọ́n sì fẹnu kò pé ọ̀rọ̀ yìí kọjá agbára ará ilé, àfi kí wọ́n ránṣẹ́ pe adìẹ Amẹ́ríkà. Ta ló mọ ọ̀nà ibẹ̀? Ìjàpá ni.

Ìjàpá wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Nyanya nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Adìẹ gbọ́ ọ títí, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ọkọ Yánníbo, dọ́là ni mò ń gbà o. Kí ẹ san ìdajì kí n tó gbẹ́sẹ̀."

"Kò burú, Ìyá Òròmọ. Ṣùgbọ́n tá a bá débẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ ké bí ará ilé."

Adìẹ họ ọ̀fun, ó fimú ké e.

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó kù díẹ̀. Ẹ fà á sí i."