Abèèrè-ọ̀nà Ṣìnà Lọ́wọ́ Mi

Wọ́n ní abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ sáfà tí mo tò.

Iṣẹ́ DNS ni pé kí o dárúkọ, kí ó sọ nọ́ńbà ibi tí olórúkọ ń gbé. Bí orúkọ náà kò bá sí láyé, á ní NXDOMAIN: kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, èsì yẹn kò ní ọ̀yàyà. Mo ṣí BIND, ètò tí sáfà DNS wa ń lò, mo kọ "type redirect", mo fi àmì ìràwọ̀ kan dúró fún gbogbo orúkọ. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ṣi orúkọ kọ ní ọ́fíìsì wa, ojú-ewé aláràbarà tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ló ń kí i káàbọ̀. Ọ̀gá mi rí i, ó pè mí ní Ẹnjiníà. Orí mi wú.

Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, ímeèlì kankan ò wọlé mọ́.

"Ẹnjiníà, ṣé gbogbo oníbàárà wa ló ti di gbájú-ẹ̀ ni?"

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Kí ẹ̀rọ ímeèlì wa tó ṣílẹ̀kùn fún àlejò, á kọ́kọ́ bi DNS bóyá àlejò náà wà nínú ìwé àwọn oníjìbìtì. NXDOMAIN ni ìròyìn ayọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ sáfà mi pé kò gbọdọ̀ sọ pé "kò sí" mọ́. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bi í, "Ó wà!"

Mo sáré kọ àwọn tí àyípadà náà kàn sínú BIND: gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rọ ímeèlì. Kò yí nǹkan kan padà. Wákàtí méjì gbáko ni mo fi ń làágùn kí n tó rántí pé òkè ni BIND ti ń kà wá sílẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ bá mu ló ń mú. Ó dà bí ìgbà tí o sọ fún ọdẹ tó ń ṣọ́ géètì pé, "Jẹ́ kí gbogbo ayé wọlé, àfi olè." Kó tó gbọ́ ìdajì kejì, olè ti jókòó sí pálọ̀. Mo gbé olè síwájú, ímeèlì sì rọ́ wọlé.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo kà pé VeriSign, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó orúkọ .com àti .net, ti ṣe irú ẹ̀ sí gbogbo wọn ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2003. Ariwo ta, ICANN, àjọ tó ń ṣàkóso orúkọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní kí wọ́n gbé e kúrò, wọ́n sì pa á tì ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá. Mo pa tèmi náà rẹ́ kílẹ̀ tó ṣú.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá mi bèèrè ojú-ewé rèǹtè-rente yẹn.

"Kò sí, sà."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn lẹ́nu mi.