Eyín Ni Mo Pè, Ẹ̀yìn Kọ́

Ètè mi ṣì wú bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìkómọ ló gbé mi dé Ẹ̀pẹ́, nílé àwọn àna mi. Nígbà tí ìrẹsì tán tí oòrùn mú, àbúrò ìyàwó mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lọ gba atẹ́gùn létí ọ̀sà." Ọgbà ìgbafẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀ tó dákẹ́ rọ́rọ́: bẹ́ńṣì mẹ́rin, igi fúrúùtù méjì, ewúrẹ́ kan tó ń sùn. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà gba owó ìwọlé, ó tún béèrè owó fọ́tò. Mo ní a ò ní ya fọ́tò. Ó ní fóònù ṣáà wà lọ́wọ́ yín. A san án.

Bàbá apẹja kan ń ju àwọ̀n lẹ́bàá ibẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé e wá, pé ọmọ etí omi ni mí. Irọ́ ni. Múṣín ni wọ́n bí mi sí. Gọ́tà lomi tí mo mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. Àwọ̀n jíjù rí roboto, òjé wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi yí etí ẹ̀ ká. Wàá so okùn ẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì, wàá ká apá kan lé èjìká bí ẹni ń ká agbádá, ọwọ́ ọ̀tún á di ìyókù mú, wàá wá fi eyín di etí ẹ̀ mú níbi kan. Ìbàdí ló ń jù ú, kì í ṣe apá. O yí, o jù, á là bí agbòòrùn, òjé á fa etí ẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ẹja ti wà lábẹ́ nìyẹn. Bó o bá ń fà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àwọn òjé á máa wọ́ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí wọ́n á fi pàdé. Ẹnu ló ń kẹ́yìn: bí àwọ̀n bá ti ń lọ, wàá la ẹnu.

"Ọmọ mi, la ẹnu o," Bàbá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Òjé wà lẹ́nu mi, orí ni mo mì.

N ò tíì sọ fún yín pé ọ̀kan nínú eyín iwájú mi, kì í ṣe èyí tí ìyá mi bí mọ́ mi. Ìyàwó mi nìkan ló mọ̀.

Mo yí. Mo jù. N ò la ẹnu.

Eyín bá àwọ̀n lọ. Okùn fa ọwọ́, ọwọ́ fa èmi, mo fojú lu ẹrẹ̀ gbàà. Omi ò ju orúnkún lọ, ṣùgbọ́n mo jà bí ẹni tó wà láàárín òkun. "Eyín mi! Eyín mi o!" Pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́nu, ẹ̀yìn ni wọ́n gbọ́. Ìyá ẹlẹ́ja méjì sáré dé: "Ẹ̀yìn ọkọ wa ti kán!" Wọ́n gbé mi dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, wọ́n ká bùbá mi sókè, róòbù dé. Mo ń ké pé eyín ni, wọ́n ní, "A ti gbọ́, ẹ̀yìn náà la ń fọwọ́ ra yìí." Ẹnìkan ń béèrè lókèèrè pé ẹyin ta ló fọ́. Ewúrẹ́ jí. Àbúrò ìyàwó mi gbé fóònù sókè. Ó kéré tán, owó fọ́tò ò ṣòfò.

Níkẹyìn mo yíjú, mo la ẹnu, mo nawọ́ sí àlàfo. Bàbá yọjú wò ó. "Ìgbà tó yẹ kó o là á kọ́ nìyí."

Wọ́n fa àwọ̀n jáde: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́fà, ike ẹlẹ́rìndòdò kan, ẹpiyà kan tí ò tó àtàǹpàkò. N ò ṣeré nídìí èyí o: owó tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ṣé kò lè ra garawa ìdalẹ̀nù kan ṣoṣo? Inú ọ̀sà yẹn lèèyàn ti ń wá oúnjẹ òòjọ́!

Wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó lọ́dún 1851, Ẹ̀pẹ́ yìí kan náà ló wá fi ṣe ibùdó kó tó padà lọ́dún 1862. N ò gbọ́ ọ rí pé ó fi eyín kankan sílẹ̀ síbẹ̀.

Fídíò náà ti dé ọwọ́ bàbá ìyàwó mi. Ẹ̀yin tí ẹ bá ra ẹpiyà Ẹ̀pẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ dákun, ẹ tú ikùn ẹ̀ wò dáadáa. Eyín òkè ni, ti apá òsì, ó funfun díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.