Atẹ́gùn Petaluma, Fi Àjàrà Sílẹ̀!

Atẹ́gùn ìlú Petaluma ní Kalifọ́níà, ìwọ ni mo dojú ẹ̀fẹ̀ kọ lónìí, kí ará ilé rẹ má bínú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń bá èèyàn mú aṣọ gbẹ, ìwọ ń bá àjàrà ṣọ̀tá. Òkè ló dí púpọ̀ nínú etíkun Kalifọ́níà mọ́ Òkun Pàsífíìkì, ṣùgbọ́n àlàfo kan lanu láàrin Tomales Point àti Bodega Bay. Bí oòrùn ọ̀sán bá ti mú ilẹ̀ tó jìnnà sókun gbóná, tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbéra lọ sókè, àlàfo yẹn lo máa gbà rọ́ wọlé pẹ̀lú òtútù òkun. O ò kan ilẹ̀kùn, o ò kí baálé, ó di inú ilẹ̀ títí dé San Pablo Bay!

Ẹ wo ewé àjàrà nígbà náà. Bí eré atẹ́gùn bá ti kọjá nǹkan bíi máìlì 8 ní wákàtí kan, ewé á pa àwọn ihò tín-ín-tín tó fi ń mí dé. Iṣẹ́ parí! Ṣúgà ò tètè dénú èso. Wọ́n ti ká àjàrà ibòmíràn, wọ́n ti ń fún un. Ti Petaluma ṣì ń gbọ̀n lórí igi. Èso kéré, awọ rẹ̀ yi bí ojú onígbèsè.

Pinot Noir ni wọ́n sì gbìn jù níbẹ̀! Ajẹbọ́tà àjàrà, tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ láti ọ̀run wá. Ta ló gbé ọmọ yìí síwájú ìjì?

Ìlú adìyẹ ni Petaluma tẹ́lẹ̀ o. Ibẹ̀ ni Lyman Byce ti ṣe ẹ̀rọ tó ń sàba lórí ẹyin ní 1879, tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àgbébọ̀. Ẹyin rí ẹni wá ooru fún un, kò sẹ́ni tó ro ti àjàrà. Kàkà bẹ́ẹ̀, ní oṣù Kejìlá 2017, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Petaluma Gap gẹ́gẹ́ bí àgbègbè wáìnì, atẹ́gùn yìí gan-an sì ni ẹ̀rí tí wọ́n rí. Jàgídíjàgan gboyè!

Àwọn amuwáìnì ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Òtútù ò jẹ́ kí kíkan kúrò lára èso, awọ líle yẹn sì kun ọtí láwọ̀. Wọ́n á yí ife, wọ́n á ti imú bọ̀ ọ́, wọ́n á ní, “Ọtí yìí jí pépé!” Ó kan ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bí ojú yín ṣe fún pọ̀. Ẹni tó bá ní kò kan, kó mu ún láì kọ́kọ́ wo iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò.